Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀ta àti Òpè Ta Ayò Wọn

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, ọmọkùnrin mẹ́rin jókòó sórí ẹní ní pálọ̀ mi ní Oganla, nínú ìlú Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Àdúgbò wa ni mẹ́ta nínú wọn ti dàgbà. Ẹ̀kẹrin ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí sí Paris, tó máa ń wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún. Òun ló gbé ẹ̀rọ géèmù Switch rẹ̀ dání, òun náà ló gbé géèmù tí wọ́n ń pè ní Dokapon Kingdom wọ ilé mi. Láti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn ṣẹ́gun ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, géèmù náà sì bi í pé kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣubú: ṣé owó rẹ̀ ni, àbí orúkọ rẹ̀? Orúkọ ló gbà. Ó fi manette, ohun tí wọ́n fi ń darí géèmù, tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ di EWURE. Láti ìgbà náà, nígbàkigbà tó bá kan ọmọ náà, orúkọ yẹn ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde fún gbogbo wa láti kà.

Ọmọ náà kò pariwo. Ó rọra gbé manette rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jáde. Kò kí ìyàwó mi kó tó lọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kì í gba iwájú ìyàwó mi kọjá láìdọ̀bálẹ̀ ni. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná, ó ní, "Bàbá Ràṣídì, ẹ rí i báyìí? Mo ti sọ fún yín, eré tó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ni."

Ohun tó sọ yẹn, gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́mọ ní ọjà Ouando, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ níbi wáàsí. Àwọn tó fẹ́ràn irú géèmù yìí lókè òkun pàápàá, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn, abọ̀rẹ́jẹ́, wọ́n sì ń fi yangàn. Bákan náà ni wọ́n ń sọ nípa Monopoly tó ti wà lọ́jà láti 1935, àti Mario Party tí Nintendo gbé jáde ní 1998. Èmi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ pé ọ̀rọ̀ náà ń pa àwọn ọmọ wa lára, torí ó ń kọ́ wọn pé ọ̀rẹ́ tó dára ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan nínú rẹ̀ rí. Irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní i rí. Màá sọ ibi tó parí sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo eré náà fúnra rẹ̀, kí a má bàa máa bú ohun tí a kò wò. Ilé iṣẹ́ Sting ní Japan ló ṣe é. Ó jáde lọ́hùn-ún ní 2007, ó dé Amẹ́ríkà ní 2008, wọ́n sì tún un ṣe fún Switch ní 2023. Ẹni mẹ́rin ló lè ta á pọ̀. Ayé inú rẹ̀ dà bí ọpọ́n lúdò tó fẹ̀ tó odindi ilẹ̀ ọba: nọ́ńbà tó bá já fún ọ ni ìwọ̀n ìṣísẹ̀ tí wàá gbé. Àwọn abàmì ẹranko ti gba ìlú gbogbo, ọba sì ti ṣèlérí pé ẹni tó bá lówó jù nígbẹ̀yìn ni òun máa fi ọmọbìnrin òun fún, òun náà ni yóò sì gun orí ìtẹ́. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wá máa gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ abàmì kí ìlú lè máa mú owó wọlé fún yín. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé ó yá láti dá ọ̀rẹ́ lọ́nà ju kí èèyàn lọ máa bá abàmì jà.

Ìjà ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ẹni tó ń kọlu ẹnì kejì yóò yàn bóyá òun máa gbá a bí ìṣe ojoojúmọ́, bóyá òun máa lo oògùn, àbí òun máa kó gbogbo agbára òun jọ ṣán an. Ẹni tí wọ́n ń kọlù náà ń yan tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ó lè fara gba ẹgba. Ó sì lè ba dè é: bí ẹni tó ń kọlù ú bá fi gbogbo agbára ṣán án nígbà tó ti ń ba dè é, ẹni tó ṣán an ni ìyà ńlá yóò jẹ. Kí lo máa fi mọ èyí tí ẹnì kejì máa yàn? Bó bá jẹ́ àjèjì ni, oríire nìkan ló kù fún ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ, o mọ̀ pé kì í ní sùúrù. O mọ̀ pé bí wọ́n bá ti fi í rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ṣíṣán ni yóò fẹ́ ṣán. O mọ̀ pé bó bá ń mí ìmí kúkúrú, ẹ̀rù ló ń bà á. Gbogbo ohun tí o ti kó jọ nípa rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti jọ ń jẹ̀bà nínú abọ́ kan náà ni o fi ń bá a jà.

Ibi tó ti ń dùn ún náà nìyẹn. Àjèjì kò lè sọ ọmọ yẹn ní ewúrẹ́ kó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, ewúrẹ́ kan lé e wọ gọ́tà lẹ́yìn ilé wa, tó sì sunkún délé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló mọ ìtàn náà, àwọn mẹ́ta yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ wá ń sọ fún mi pé eré tí ẹnikẹ́ni kò lè tà dáadáa láìmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dénú ló ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́.

Ó yà mí lẹ́nu pé àwa la ń sọ bẹ́ẹ̀, àwa tó ni ọpọ́n ayò. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, èèyàn méjì lójúkojú. Àwọn Gùn tí a jọ ń gbé ìlú yìí ń pè é ní adji. Èdè wa kò tilẹ̀ bo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ́lẹ̀: ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tó ń fìdí rẹmi ni òpè, òpè yìí náà sì ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ẹni tí kò gbọ́n. A kò wá orúkọ tó tutù fún un.

Níwájú ilé bàbá mi ní Attakè, lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn bàbá méjì wà tí wọ́n ti jọ ń ta ayò kí Kérékou tó gbàjọba ilẹ̀ wa ní 1972. Ọ̀kan jẹ́ télọ̀. Èkejì jẹ́ alájọ, ó ń gba owó àjọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Bí ẹ bá dúró tì wọ́n ní ọwọ́ ọ̀sán, ẹ ó gbọ́ ohun tí ọmọ mi kò gbọdọ̀ sọ sí ẹnikẹ́ni. Alájọ á gbá ọmọ ayò mọ́wọ́, á fi wọ́n há sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń wọn iyọ̀, á ní, "Òpè! Ta ló kọ́ ẹ ní kíkà? Ìwọ̀n ara èèyàn lásán lo mọ̀ ọ́n wọ̀n." Télọ̀ kò ní wòkè. "Máa sọ̀rọ̀. Bí mo bá jẹ ilé ẹ yìí tán, wàá lọ tọrọ ọmọ ayò lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ẹ." Lẹ́yìn náà á sọ ọmọ ayò sínú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó, tó, tó, àwọn òǹwòran á sì hó yèè kó tó tilẹ̀ kó èyí tó jẹ. Nígbà tí wọ́n bá pe ìrun alásárì, àwọn méjèèjì á dìde, télọ̀ á fa alájọ lọ́wọ́ sókè torí orúnkún rẹ̀ tí kò dára mọ́, wọ́n á jọ lọ ṣàlùwàlá.

Ẹ kò rí ẹni tó pe ayò ní abọ̀rẹ́jẹ́ rí. Àwọn àgbà tó ń lé ọmọ kúrò nídìí géèmù, ibi ọpọ́n ni wọ́n ti ń bọ̀.

Nǹkan kan tún wà nínú ayò tí mo fẹ́ràn gan-an. Bí ilé òpè bá ṣófo porogodo, ọ̀ta kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà bá ṣì wà, dandan ni kó ta á kí ọmọ ayò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó bọ́ ọ, kí eré lè máa lọ. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé Dokapon fún mi, mo bá irú rẹ̀ níbẹ̀: ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ lélẹ̀, kó bá òkùnkùn mulẹ̀, kó sì gba agbára tó lè mi gbogbo ọpọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ló máa ń kọ́kọ́ sá. Ẹni tó dá ayò sílẹ̀ àti àwọn ará Japan wọ̀nyí kò mọra wọn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń bẹ̀rù: kí ẹnì kan ṣubú kó má lè dìde mọ́, kí àwọn yòókù wá jókòó máa wo ara wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ta kò mí máa sọ, torí wọ́n ti sọ ọ́ sí mi lójú. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ọmọ tó bá ń dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́nà lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí, kí ni yóò ṣe lọ́la? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo alájọ yẹn. N kò tíì rí ẹni tó burú tó o nídìí ọpọ́n. Ó ń tan èèyàn, ó ń kó ọmọ ayò jọ sínú ilé kan títí tí wàá fi rò pé ó ti gbàgbé, á sì fi gbá ọ. Láti àádọ́ta ọdún tó ti ń gbowó àjọ, kò sí obìnrin kan ní Àjàṣẹ́ tó lè sọ pé sẹfa kan òun sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìwà inú eré bá ń wọ inú ayé bẹ́ẹ̀, òun ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ tì mọ́lé.

Ibí yìí ni mo sì ti yapa kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbè é, wọ́n á ní: eré kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́, ńṣe ló ń tú àṣírí, ẹni tó bá dà ọ́ nínú eré, ọ̀dàlẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Èyí burú ju ti àwọn ìyá lọ. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, alájọ yẹn olè ni, ọmọ tó kọ EWURE náà sì jẹ́ ìkà. Ọmọ tó kọ EWURE ni ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́dún tó kọjá nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, tó sì sùn sórí àga níbẹ̀. Eré kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Aṣọ ni a ń gbé wọ̀ níbẹ̀, a sì ń bọ́ ọ. Ohun tó ń fún wa ni àyè láti ṣe ara wa ní kékeré, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti ní ta, kí a sì mọ bí a ṣe ń padà jókòó síbi tí a ti dìde.

Àwọn ará ìhín ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ rántí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó wà lára àwọn ìṣúra àṣà gbogbo ayé. Lóru ẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ì bá di ìjà bí ẹnì kan bá sọ ọ́ lójú ọjà lọ́sàn-án, lábẹ́ agọ̀ ó ń di ẹ̀rín, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìlú. Wọ́n mọ ọgbà yí ọ̀rọ̀ líle ká. Ọgbà yẹn ni à ń pè ní eré, kò sì sí ẹni tó lè bá mi wá ìlú kan tó wà láìní in.

Paul Hazoumé, tí wọ́n bí sínú ìlú yìí ní 1890, kọ odindi ìwé lórí ìmùlẹ̀ ẹ̀jẹ̀, Le Pacte de sang au Dahomey, tó jáde ní 1937. Mo máa ń ronú sí ìwé náà nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹyin. Kí ló dé tí àwọn èèyàn ilẹ̀ yìí fi ń mulẹ̀? Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rẹ́ lè dalẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ láàárín ara wọn lójúkorojú, wọ́n sọ ọ́ síta, wọ́n sì fi ìbúra tì í. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rẹ́ òun kò lè ṣe òun láéláé, kí ló fẹ́ mulẹ̀ sí?

Mo ṣèlérí láti sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tèmi. Ọdún 26 ni èmi àti ọ̀gbẹ́ni náà lò pọ̀, a kò sì bá ara wa jà rí. A kì í ta ayò, a kì í ta káàdì, a kì í tilẹ̀ jiyàn bọ́ọ̀lù, torí àwa méjèèjì gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi wá ṣàpèjúwe. Lọ́dún kan, ìyá rẹ̀ kú nígbà tí mo wà ní Èkó nítorí ọjà. Wọ́n ti sin ìyá kí n tó sọdá ibodè Sẹ̀mẹ̀ padà. Ó yẹ kí n gba ilé rẹ̀ lọ tààrà pẹ̀lú eruku ọ̀nà lára. Ojú tì mí, mo ní ó di ọ̀la, ọ̀la di ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo wá dé ibẹ̀, ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi, ó dúpẹ́, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò sọ nǹkan kan. Ọdún kọkànlá rèé. Bí a bá pàdé ní títì, a ń kí ara wa bí ẹni tó jọ wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó ti pè mí ní òpè rí ní ojú èèyàn ni, tí mo bínú lọ sílé, tí mo sì padà wá lọ́jọ́ kejì, bóyá ì bá mọ bí a ṣe ń wí fún mi pé, "O ṣe mí." Bóyá èmi náà ì bá mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ. A kò kọ́ ọ nígbà tó rọrùn. Ẹ̀bi náà tèmi ni, mo sì gbà á.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí ohun tó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ní ìlú yìí, mo ní ìdáhùn. Ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ẹni méjì. Gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ. Ìdákẹ́ irú tèmi yẹn. Kí ẹ sì fi ọmọ mẹ́rin kún un tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí olúkúlùkù tẹjú mọ́ fóònù tirẹ̀, tí wọn kò ṣe ara wọn ní nǹkan kan láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọn kò sì fún ara wọn ní nǹkan kan.

Owó nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Bí tẹ́tẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Owó tí ẹnì kan bá pàdánù nídìí eré ń bá a délé, ó ń bá a jókòó ti oúnjẹ tí kò tó, ọgbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti wó nìyẹn. N kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí ọmọ ń bá ẹni tí kò rí ojú rẹ̀ ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí kò sí ẹni tó máa fà á lọ́wọ́ sókè bí eré bá parí. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin nínú pálọ̀ kan, lórí ẹní kan, tí ìyá ẹnì kan ń dáná lẹ́yìn wọn? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò padà sí Paris kí oṣù tó parí, àwọn tó kù náà á tú ká láìpẹ́, ọ̀kan sí Cotonou, ọ̀kan sí Èkó. Bí wọ́n bá máa jà, ìgbà tí wọ́n ṣì lè parí rẹ̀ ni kí wọ́n jà á.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn alásárì, ọmọ tó bínú jáde yẹn wọlé. Kò sọ nǹkan kan fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó jókòó síbi tó ti dìde, ó gbé manette rẹ̀, ó ní, "Ta ló kàn?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sún fún un láìwò ó lójú. Wọ́n ta á fún bíi wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì pàdé lójú ọ̀nà kan náà nínú géèmù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọlù ú. Mo rí i tó di manette mú, tó mí kúkúrú bó ṣe máa ń mí, mo sì rò pé ó ti tán. Ẹ̀tàn ni. Ó ti ń ba dè é. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi gbogbo agbára ṣán, òun fúnra rẹ̀ ló ṣubú.

Géèmù náà bi í pé kí ló fẹ́ gbà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ṣe kíá, jàre." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan: O. P. E. Ilé hó gèè. Ẹni tí wọ́n sọ ní òpè ló kọ́kọ́ fò sókè, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká, tó ń lọgun pé, "Irọ́ ni! Ó mọ̀ pé mo máa ṣán!"

Ìyàwó mi pariwo láti ilé ìdáná pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọmọ náà gbé manette sílẹ̀, ó lọ bá a níbẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ má bínú, mi ò kí yín lánàá." N kò gbọ́ èsì rẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó gbé àwo mẹ́rin lọ́wọ́.